Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Ẹni Tó Yẹ̀

Àìkú, 15 oṣù kẹfà, 2025

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún àti ọjọ́ méjì lónìí. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, mi ò tíì bọ́ aṣọ lọ́rùn Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ọmọ mi, tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí pákó iwájú ilé. Àwọn mẹ́ta tó máa ń bá ọkọ mi ṣeré ni: Happiness aládùúgbò wa, Bọ̀dá Ọpẹ́fólúwa tó ń kan ọkọ̀, àti Bọ̀dá Kingsley ọ̀rẹ́ ọkọ mi láti kékeré. Happiness ló gbé àpò ọ̀rá náà dání. Kí ó tó tú u ni mo ti mọ ohun tó wà níbẹ̀: ìwé òfin eré akọni, eré ìtàn tí kálukú ń di akọni kan nínú rẹ̀, èyí tí kọ́pà Dámilọ́lá fi sílẹ̀ fún Jòhánù ọkọ mi nígbà tó parí ìsìnrú ìlú rẹ̀, dáìsì méjì, bébà akọni kálukú, àti ìwé aláwọ̀ búlúù tí ọkọ mi fi ń kọ ìtàn náà bó ṣe ń lọ.

Bọ̀dá Ọpẹ́ ní, "Ó ku orí mẹ́ta péré. Èmi ń kó lọ sí Igbokoda ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ, òkun ti dé abẹ́ ibùsùn wa. Bí a ò bá parí ẹ̀ báyìí, a ò ní parí ẹ̀ mọ́."

Wọ́n ní kí n jókòó sí àyè Jòhánù, kí n máa ṣe adájọ́, ẹni tó ń darí ìtàn tó sì ń ju dáìsì fún ọ̀tá. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Happiness bú sẹ́rìn-ín: "Irọ́ ńlá! Ta ló máa ń jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí á máa pariwo pé 'ẹ tún dáìsì yẹn kà, ojú yín ti fọ́'? Ọdún mẹ́ta lo fi gbọ́ ọ. Àti pé látìgbà tí Bọ̀dá Jòhánù ti..." Ó wá sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Mo béèrè Ìdákọ̀ró. Akọni ti Jòhánù fúnra rẹ̀ nìyẹn. Adájọ́ ni, ó sì tún ní akọni, nítorí wọn ò pé mẹ́rin. Agbára Ìdákọ̀ró ni pé kò sí ohun tó lè ṣí i nídìí. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò lè yẹ̀ fún ohunkóhun. Nínú ogún ẹ̀mí, mẹ́fà ló kù fún un. Bọ̀dá Ọpẹ́ ní àwọn ti rò ó pé kí àwọn yọ bébà rẹ̀ kúrò. Mo ní rárá. Mo ní ẹ̀yìn gbogbo wọn ni yóò dúró sí, níbi tí nǹkan kan ò ní bà á. Lórí àdéhùn yẹn ni mo fi gbà.

Bọ̀dá Kingsley ń wo dáìsì nìkan. Kò wo ojú mi.

Wọ́n lọ tán ni mo ṣí ẹ̀yìn ìwé búlúù. Ọwọ́ Jòhánù: *Adájọ́ tó bá ń ṣe ojúsàájú, kó gbé dáìsì sílẹ̀, kó lọ máa tún àwọ̀n ṣe.*

Ìṣẹ́gun, 17 oṣù kẹfà

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ń wúkọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbé etí lé àyà rẹ̀ láàárín ọ̀sán kan, títí òun fúnra rẹ̀ fi ní, "Màámi, ẹ jẹ́ n ṣeré." Pẹtiróòlù ti tún lé, ọkọ̀ Igbokoda ti fi igba náírà kún owó rẹ̀.

Mo ka orí ìyẹra nínú ìwé òfin. Ẹni tí wọ́n bá kọlù lè ké "Mo yẹ̀!" kí dáìsì tó dúró. Bó bá pẹ́, ó ti jẹ ẹ́. Bó bá ké lásìkò, yóò ju dáìsì tirẹ̀. Bí tirẹ̀ bá pọ̀ jù, ó bọ́. Gbogbo ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ojú ewé náà, níbi tí wọ́n ti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wà lẹ́yìn ẹni tó yẹ̀, omi ti fọ̀ ọ́. Ìwé náà wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Mo lọ sí ìdí òpó tí nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń wọlé, mo pe kọ́pà. Ó kọ́kọ́ kí mi kú àmúmọ́ra. Nígbà tí mo béèrè ọ̀rọ̀ náà, ó ní, "Ìyá Ìmọ́lẹ̀, àwọn kan máa ń ní ó kọjá lọ lófìfo, àwọn kan ní ó ba ẹni ẹ̀yìn. Ọwọ́ adájọ́ ló wà. Ohun tó ṣáà wà níbẹ̀ ni pé bí ẹ bá ti ṣe é fún ẹnì kan, ẹ ṣe é fún gbogbo wọn."

Mo ní ó yé mi.

Àìkú, 22 oṣù kẹfà

A bẹ̀rẹ̀. Dáìsì kan bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ sáàárín pákó, ó kù díẹ̀ kó bómi lọ. Ajẹbèbè, ọ̀tá inú ìtàn tó ń jẹ ilẹ̀ ìlú díẹ̀díẹ̀, ju gẹdú igi lu Mànàmáná, akọni Bọ̀dá Kingsley. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ tó Mànàmáná. Eré sísá ni gbogbo agbára rẹ̀.

"Mo yẹ̀!" Ó ju mọ́kànlá. Ó bọ́.

Ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó ronú: "Igi náà ba ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀."

Happiness ló wà lẹ́yìn rẹ̀. "Háà! Èmi tí mo dúró jẹ́ẹ́jẹ́ mi? Bọ̀dá Kingsley, ẹ wo bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ẹ jẹ́ kí igi là mí lórí!" Àwàdà ló ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ìgbì ń lu òpó ilé.

Nígbà tó di pé Happiness náà yẹ̀, Bọ̀dá Ọpẹ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní ó kọjá lọ.

Mo mọ̀ pé mo ṣe é. Mo ń kọ ọ́ síbí kí n má baà sọ lọ́la pé mi ò mọ̀.

Àìkú, 29 oṣù kẹfà

Òjò. Wọn ò wá. Òkun gbé ilé ìdáná Ìyá Kọ́lájọ lọ, pẹ̀lú agbada ẹja lórí iná.

Àìkú, 6 oṣù keje

Ìjà dé.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Mànàmáná yẹ̀ lónìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jẹ́ kó ba ẹni ẹ̀yìn. Àwọn yòókù yẹ̀, mo jẹ́ kó lọ. Bọ̀dá Ọpẹ́ gbé bébà rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú o. Bọ̀dá Kingsley nìkan lẹ ń ṣe é fún."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ojú mi ni."

Happiness ní, "Tinúọlá, ṣé dáìsì lò ń jù ni, àbí òkò?"

Bọ̀dá Kingsley ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀."

Bó ṣe sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ yẹn ló bí mi nínú. Mo dìde, mo ní, "Ṣé ẹ ké? Lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ ké?"

Ọmọ ọdún mẹ́ta ní Abereke wa yìí mọ̀ pé ẹni iwájú ọkọ̀ ni ojú ọkọ̀. Bí afárá bá kù díẹ̀, yóò ké "Orí o!" kí ó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó di ẹ́ńjìnnì mú. Ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀rẹ̀ láì ké. Àwọn méjì péré ló wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Páànù ni wọ́n tò ga sáàárín, Jòhánù wà ní ìdí ọkọ̀ níbi ẹ́ńjìnnì, ó dúró, kò rí iwájú. Omi ti kún, afárá tó máa ń jìnnà sórí wa tẹ́lẹ̀ ti sún mọ́ omi. Kingsley bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ mi ò bẹ̀rẹ̀.

Kingsley sọ fún ẹbí pé òun ké. Pé ẹ́ńjìnnì ló bo ohùn òun.

Lónìí, ó tẹrí ba. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Happiness kó dáìsì sínú àpò, gbogbo wọn lọ.

Ọjọ́rú, 9 oṣù keje

Ìyá ọkọ mi wá bá mi yan edé. Mo bi í bóyá ó ti bi Kingsley rí.

"Bi í léèrè kí ni?"

"Bóyá ó ké, Màmá."

Ó ń da edé pa dà lórí iná, kò wò mí. "Bí mo bá bi í, tó ní òun ò ké, kí ni kí n fi ìdáhùn yẹn sè? Ṣé yóò kún ìkòkò ni?" Nígbà tó yá, ó ní, "Àwọn méjèèjì ni mo fún lọ́mú, ìwọ náà mọ̀. Ìyá Kingsley ṣàìsàn lẹ́yìn tó bí i."

Mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí.

Àìkú, 13 oṣù keje

Mo bẹ Bọ̀dá Ọpẹ́ àti Happiness, wọ́n pa dà wá. Bọ̀dá Kingsley wá láìsí ẹ̀bẹ̀.

Mo ti kọ òfin tuntun sójú ewé tí omi fọ̀. Mo kà á sí wọn létí. Láti òní lọ, a ò ké "Mo yẹ̀" mọ́. "Orí o" ni, bí a ṣe ń ké e lórí omi. Ẹni tó bá ké kí dáìsì tó dúró lè yẹ̀, ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ náà lè gbà á lẹ́nu rẹ̀ kó yẹ̀, bẹ́ẹ̀ títí dé ìdí ọkọ̀. Ẹni tí kò bá lè yẹ̀ lohun náà bà. Ẹni tó bá sì yẹ̀ láì ké, ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, wọn yóò sì kọ orúkọ ẹni tó dákẹ́ sínú ìwé. Bákan náà ni fún gbogbo wa.

"Èyí dáa," ni Bọ̀dá Ọpẹ́ wí. "Èyí jọ wá."

Bọ̀dá Kingsley ló dáhùn kẹ́yìn. "Òfin odò ni. Mo gbà."

Ó dọ́gba fún gbogbo wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ kọ gbólóhùn tó kẹ́yìn.

Kò ké rárá. Kò sì yẹ̀. Mànàmáná tó máa ń sá bí atẹ́gùn dúró sójú kan, ó jẹ gbogbo ohun tí mo jù lù ú. Láti ogún, ó di mọ́kànlá.

Àìkú, 20 oṣù keje

Bákan náà. Happiness ní, "Bọ̀dá Kingsley, ṣé ẹ ti di òpó ni? Ẹ yẹ̀ nà!" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò yẹ̀. Ó ku ẹ̀mí mẹ́ta fún un.

Mo rò pé yóò dùn mọ́ mi. Kò dùn mọ́ mi.

Àbámẹ́ta, 26 oṣù keje

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gba abẹ́ afárá náà mọ́. Ọ̀nà jíjìn ni mo máa ń gbà lọ sí Igbokoda. Lónìí, mo gbé Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ lọ sí ọsibítù fún ikọ́ rẹ̀, a pẹ́, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù, ọ̀nà ibẹ̀ ló sì ń gbà. Iwájú nìkan ni àyè wà. Mo jókòó síbẹ̀, ọmọ mi wà lẹ́yìn mi, ó dúró lórí àpò gàrí kó lè máa wo ẹyẹ. Mo ní kó jókòó. Ó jókòó. Ó tún dìde.

Mo rí afárá náà. Mo rí i láti òkèèrè. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, èmi tí mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú ìwé. Mo la ẹnu. Èémí lásán ló jáde. Mo bẹ̀rẹ̀.

Ìró rẹ̀ ò ju ti àgbọn kékeré tó bọ́ sórí pákó lọ.

Òkè ojú rẹ̀ ló là. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀ kan. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó ń bú mi: "Ẹni iwájú tí kò lẹ́nu! Ìyá rẹ̀ tún ni ọ́!" Obìnrin kan fi gèlè rẹ̀ di ojú ọmọ. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ò kọ́kọ́ sunkún. Ó ń wò mí, ẹnu yà á.

Ó ní, "Màámi, ẹ ò ké."

Ọmọ ọdún mẹ́fà.

Àìkú, 27 oṣù keje

A ò ṣeré. Mi ò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ọgbẹ́ náà ò jìn, nọ́ọ̀sì ní yóò san, ṣùgbọ́n mo ń wò ó ṣáá.

Lọ́sàn-án, Bọ̀dá Kingsley wá. Ó gbé ẹja dání, ó gbé ìpara dání. Ó wo ojú ọmọ náà, ó jókòó sórí àpótí.

"Kí ló ṣe é?"

"Afárá ni."

"Èwo?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

Ó gbé ẹja náà kalẹ̀. "Ta ló wà níwájú?"

"Èmi ni." Mo ti rò pé mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. "Mi ò ké."

Ó gbé ìpara náà láti ọwọ́ kan sí èkejì. Ó ní, "Ìyá Ìmọ́lẹ̀, èmi náà ò ké. Irọ́ ni mo pa fún yín, mo pa á fún Màmá. Mo rí igi afárá lójijì, ẹnu mi ṣí sílẹ̀, nǹkan kan ò jáde. Nígbà tí ohùn mi fi máa dé, orúkọ rẹ̀ ni mo ń pè, ó sì ti bọ́ sómi."

Ohun tí mo ti ń wá láti oṣù karùn-ún nìyẹn. Mo rò pé bí mo bá gbọ́ ọ, n óò ṣépè. Mo la ẹnu láti ṣépè. Mo wo ojú ọmọ mi, mi ò mọ ẹni tí èpè náà máa bà.

Mo ní kó máa lọ. Ó lọ. Ó gbàgbé fìlà rẹ̀ síbí.

Ìṣẹ́gun, 5 oṣù kẹjọ

Ọgbẹ́ ti gbẹ. Ikọ́ ti dín. Mi ò tíì dá fìlà náà pa dà.

Àìkú, 10 oṣù kẹjọ

A parí rẹ̀ lónìí.

Bọ̀dá Ọpẹ́ ti tú ilé rẹ̀, pákó rẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀, iwájú ilé mi la jókòó sí, oòrùn sì mú, àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nínú ìtàn, gbogbo akọni tò lórí afárá: Mànàmáná níwájú, Ìyá Ìjì ti Happiness lẹ́yìn rẹ̀, Olójú-Iná ti Bọ̀dá Ọpẹ́ tẹ̀ lé e. Ní ìdí pátápátá, Ìdákọ̀ró, ó di okùn tí gbogbo ilé ìlú so mọ́ mú. Jòhánù fúnra rẹ̀ ló tò wọ́n bẹ́ẹ̀ nínú ìwé búlúù, ojú ewé tó kọ kẹ́yìn.

Ajẹbèbè fa òpó ilé kan tu, ó jù ú. Èmi ni mo ju dáìsì. Ọ̀kan dúró lórí mẹ́rin. Èkejì ń yí lórí igun rẹ̀.

"ORÍ O!"

Ìyá Kọ́lájọ ju ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń wa ọkọ̀ wọn kọjá lódò bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí nǹkan kan lórí wọn bí kò ṣe ọ̀run. Bọ̀dá Kingsley ti dìde, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ.

Dáìsì kejì dúró. Mẹ́rin. Mẹ́jọ lápapọ̀.

Ó ju mẹ́sàn-án, ó yẹ̀. Happiness ké, ó ju mẹ́wàá, ó yẹ̀. Bọ̀dá Ọpẹ́ ké, mẹ́sàn-án, ó yẹ̀. Ó wá ku ẹni tí kò lè yẹ̀. Ẹ̀mí mẹ́fà. Òpó mẹ́jọ.

 Bọ̀dá Ọpẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ẹ dúró ná. Ṣé dáìsì kejì ò ti dúró kí Bọ̀dá Kingsley tó ké?"

Happiness gbà á kíá. "Ó ti dúró! Ojú mi báyìí ló ṣe. Ó pẹ́!"

Bọ̀dá Kingsley jókòó. "Mo pẹ́," ló wí. "Ẹ kọ ọ́ pé mo pẹ́, Ìyá Ìmọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ba Mànàmáná. Ẹ̀mí mẹ́ta náà ló ní, kó máa lọ."

Ó rọrùn. Bí mo bá ní ó pẹ́, Mànàmáná lọ, Ìdákọ̀ró kù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ọ̀rọ̀ náà kàn ti fọwọ́ sí i. Bébà yẹn ì bá wà nínú àpótí mi, kí n máa wo ẹ̀mí mẹ́fà náà títí n óò fi darúgbó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń parọ́ nítorí mi, ìfẹ́ ló sì mú wọn pa á.

Ṣùgbọ́n mo rí dáìsì náà. Ó ṣì ń yí.

"Ẹ ò pẹ́," ni mo wí. Ohùn mi fẹ́ lọ, mo fà á pa dà. "Ẹ ké, Bọ̀dá Kingsley. Mo gbọ́."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Níbi ìsìnkú, kò sunkún báyìí. Happiness lọ dúró tì í, ó ń gbá a lẹ́yìn bí ìgbà tí omi bá pá ọmọ lórí.

Mo mú ìwé búlúù. Lábẹ́ ọwọ́ Jòhánù tó dá dúró láàárín ìlà, mo fi ọwọ́ tèmi kọ ọ́: *Wọ́n ké. Ó gbọ́. Kò yẹ̀, nítorí òun ló di okùn mú. Ìdákọ̀ró kú.*

Nígbà tó yá, Bọ̀dá Kingsley nu ojú. Ó ní Mànàmáná yóò di okùn náà mú. Mo ní ṣé ó mọ̀ pé ẹni tó bá dì í mú ò ní lè yẹ̀ mọ́? Ó ní òun mọ̀. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ìlú ò bá omi lọ.

Bó ṣe ń lọ, mo fún un ní fìlà rẹ̀.

Ajé, 11 oṣù kẹjọ

Bọ̀dá Ọpẹ́ ti lọ láàárọ̀. Mílíkì ti tún wọ́n sí i. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ní àpá òkè ojú òun ń yún òun, mo ní kó má họ ọ́.

Mi ò tíì dárí ji Bọ̀dá Kingsley tán. Mi ò sì tíì dárí ji ara mi. Dáìsì wà nínú àpò, mo gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Jòhánù ọkọ mi kú ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ náà.